Èdè Tí Wọ́n Là Sí Méjì Gbé Sá

Bí ẹ bá jókòó sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kankan ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta láàrin 2016 sí 2019, ẹ ó rántí bí ahọ́n ṣe máa ń lọ́ nígbàkigbà tí bọ́ọ̀lù bá dé ẹsẹ̀ Henrikh Mkhitaryan. Manchester United ló kọ́kọ́ gbé e wá sí Ìlú Ọba, kó tó bọ́ sí Arsenal ní 2018. Àwọn kan sọ ọ́ di Mikitáríà, àwọn kan ní Míkì, àwọn tí kò ráyè wàhálà sì ń pè é ní “ẹni tí orúkọ rẹ̀ le yẹn.” Ẹgbẹ́ Míkì ni èmi wà. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé orúkọ náà kò le rárá, pé kọ́ńsónáǹtì tó ṣùjọ síwájú rẹ̀ ló ń dẹ́rù bani. Mkhitar ni orúkọ ẹni, olùtùnú ni ìtumọ̀ rẹ̀. -Yan tó tẹ̀ lé e ń tọ́ka sí agbo ilé tí èèyàn ti jáde wá. Ọmọ ilé Olùtùnú, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí Rẹ̀mílẹ́kún ń bẹ nínú ẹbí rẹ̀ kò yẹ kó sá fún irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Arméníà ni ilẹ̀ baba rẹ̀. Àwọn tó ni ilẹ̀ náà kì í pè é bẹ́ẹ̀ o. Hay ni wọ́n ń pe ara wọn, Hayastan ni orílẹ̀-èdè wọn, hayeren sì ni èdè wọn. Ilẹ̀ kékeré ni, kò létí òkun, ó há sáàrin Tọ́kì, Ìránì, Jọ́jíà àti Azerbaijan. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta. Àwọn tó wà lẹ́yìn odi pọ̀ jù wọ́n lọ dáadáa, láti Moscow dé Los Angeles, láti Paris dé Beirut àti Tehran. Èdè tí àwọn tó ń sọ ọ́ bá ti pọ̀ lójú àjò tó báyìí, ìbéèrè méjì ni mo máa ń ní fún un: ta ló lé e kúrò nílé, kí ló sì rí gbé nígbà tó ń sá?

Kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi í mọ̀ yín dáadáa. Èdè náà kò ní ìbátan tímọ́tímọ́ láyé. Ọ̀rọ̀ tó yá lọ́wọ́ àwọn ará Páṣíà àtijọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé àwọn ọ̀mọ̀wé kà á sí ọ̀kan lára àwọn èdè Páṣíà fún ìgbà pípẹ́. Ará Jámánì kan, Heinrich Hübschmann, ló jókòó tì í ní 1875, tó ń ṣa ọ̀rọ̀ àyálò kúrò nínú rẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà, tó sì rí i pé ohun tó kù nínú àwo kì í ṣe ti Páṣíà. Ẹ̀ka tó dá dúró ni, nínú agbo ńlá tí Gíríkì, Látìnì, Híńdì àti Gẹ̀ẹ́sì wà. Ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ ti yí padà kọjá ohun tí ojú lásán lè dá mọ̀. Erku ni wọ́n ń pe méjì; àwọn onímọ̀ sì ti fi ẹ̀rí hàn pé ibi kan náà ni òun àti duo ti Látìnì ti ṣẹ̀ wá. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí yóò bá Yorùbá lára mu: kì í ya akọ sọ́tọ̀ lára abo. Na ni wọ́n ń lò fún ọkùnrin, òun náà ni fún obìnrin, bí àwa ṣe ń lo “ó” fún gbogbo wọn. Kò ní yà mí lẹ́nu bí ọmọ Hay tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá ń pe ìyá rẹ̀ ní he.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù nínú ìtàn èdè yìí kì í ṣe ọba, kì í sì í ṣe jagunjagun. Akọ̀wé ààfin ni, Mesrop Mashtots, tó fi ààfin sílẹ̀ tó di ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé ọdún 301 ni ọba ilẹ̀ náà gba ẹ̀sìn Kírísítì. Ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, Gíríkì àti Síríákì ni wọ́n ṣì ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì; ògbufọ̀ ní láti dìde kó sọ ohun tí àlùfáà kà fún ìjọ, gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀ ṣe ń dúró ti oníwàásù òyìnbó níhìn-ín nígbà kan. Ní 387, Róòmù àti Páṣíà ti pín ilẹ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí ẹni pín ẹran. Nígbà tí Mashtots ń wàásù ní agbègbè Goghtn, ó rí i pé ọ̀rọ̀ ń gba orí àwọn èèyàn kọjá. Ó lọ bá Sahak tó jẹ́ olórí ìjọ, àwọn méjèèjì sì tọ Ọba Vramshapuh lọ.

Ọba ní òun gbọ́ pé bíṣọ́ọ̀bù ará Síríà kan, Daniel, ní lẹ́tà tí a lè fi kọ èdè Arméníà. Wọ́n ránṣẹ́ lọ gbà á, wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé lẹ́tà náà kò ká ìró ẹnu wọn. Aṣọ ẹlòmíràn ni, ó fún wọn lápá. Àjàyí Crowther ìbá mọ ohun tí Mashtots ń rò lọ́jọ́ yẹn, nítorí òun náà bá ABD àwọn òyìnbó wọ̀yá ìjà kí ẹ, ọ àti ṣ tó rí ibi jókòó sí. Mashtots kó àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó rìn lọ sí Edessa àti Samosata, ó ń tẹ́tí sí ìró, ó ń wo lẹ́tà àwọn ẹlòmíràn. Ní nǹkan bí 405 ó ti ní lẹ́tà 36, adàwékọ Gíríkì kan tó ń jẹ́ Rufinus sì bá a tún ojú wọn ṣe. Koriun, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ló kọ ìtàn yìí sílẹ̀, òun la fi mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ náà ni etí tó wà nídìí rẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣe sí p. Lẹ́tà kan wà fún b, ọ̀kan wà fún p tí ẹnu kàn ṣí lásán, ìkẹta wà fún p tí èémí tú tẹ̀ lé. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu kí ẹ dán an wò: ìkẹta yẹn á fẹ́ sí yín lọ́wọ́, ìkejì kò ní fẹ́. Bákan náà ló ṣe fún d àti t, fún g àti k. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni èdè náà ti là sí méjì lẹ́yìn náà. Fáwẹ̀lì ní àyè tirẹ̀. Lẹ́tà 36 yìí tún ni òǹkà: mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ jẹ́ 1 sí 9, mẹ́sàn-án tó tẹ̀ lé e jẹ́ ẹ̀wá-ẹ̀wá, lẹ́yìn náà ọgọ́rọ̀ọ̀rún, lẹ́yìn náà ẹgbẹ̀rún, títí tí èyí tó kẹ́yìn fi dúró fún 9,000. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ Astvats, ìyẹn Ọlọ́run. Èyí tó kẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ Kristos. Lẹ́tà méjì péré ni wọ́n fi kún un láyé àárín, ọ̀kan nínú wọn ni f, nítorí náà bí ẹ bá rí f nínú ọ̀rọ̀ Hay, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé àlejò ni.

Ìwé Òwe inú Bíbélì ni Koriun ní wọ́n kọ́kọ́ fi lẹ́tà tuntun náà túmọ̀. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí mo kà á. Ìwé Róòmù ni Crowther kọ́kọ́ tẹ̀ jáde fún wa ní 1850. Ṣé kì í ṣe àwa ló yẹ kí á fi òwe bẹ̀rẹ̀? Wọ́n tún ṣe ohun tí a kò ṣe. Ní oṣù October, ṣọ́ọ̀ṣì Arméníà ní àjọ̀dún fún àwọn ògbufọ̀. Àjọ̀dún tòótọ́ ni, fún àwọn tó jókòó túmọ̀ ìwé. Ibojì Mashtots ní Oshakan di ibi tí wọ́n ń lọ bẹ̀ wò. Ní 2005, nígbà tí lẹ́tà rẹ̀ pé 1,600 ọdún, wọ́n gbẹ́ lẹ́tà 39 tí wọ́n ń lò lónìí sára òkúta ńláńlá, wọ́n sì tò wọ́n sí Artashavan lẹ́bàá Òkè Aragats, tí àwọn èèyàn fi ń wá lẹ́tà orúkọ tiwọn láti dúró tì í ya fọ́tò.

Nítorí náà lẹ́tà kò ní ìṣòro. Ẹnu ló ní.

Èdè tí Mashtots kọ sílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní grabar, ìyẹn èdè ìwé. Wọ́n fi kọ ìtàn, wọ́n fi gbàdúrà, wọ́n fi jiyàn ẹ̀kọ́ ìsìn, fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Àárín ìgbà yẹn, èdè ọjà kò dúró dè é. Nígbà tó fi di nǹkan bí 1800, àgbẹ̀ tó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì tún ti padà sí ibi tí bàbá ńlá rẹ̀ wà kí Mashtots tó dé: ó gbọ́ ohùn, kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Olùkọ́ kan, Khachatur Abovian, kọ ìwé ìtàn àròsọ ní 1841 ní ẹ̀ka-èdè Kanaker, abúlé rẹ̀ lẹ́bàá Yerevan. Egbò Arméníà ni ìtumọ̀ àkọlé ìwé náà. Ní 1848 ó jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnikẹ́ni kò sì rí i mọ́ títí dòní. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni wọ́n tó tẹ ìwé rẹ̀.

Kí n má gbàgbé: ìwé Hay kì í sábà bí sílé. Venice ni wọ́n ti tẹ ìwé wọn àkọ́kọ́ ní 1512. Amsterdam ni wọ́n ti tẹ odindi Bíbélì wọn ní 1666. Ìwé ìròyìn wọn àkọ́kọ́, Azdarar, Madras ní Íńdíà ló ti jáde ní 1794, ọdún 65 ṣáájú Ìwé Ìròyìn ti Abẹ́òkúta. Mkhitar mìíràn, tó jẹ́ ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn láti Sebastia, gba erékùṣù kan lẹ́bàá Venice ní 1717, ó sì sọ ọ́ di ilé ìwé kíkọ; ibẹ̀ ni akéwì Gẹ̀ẹ́sì Byron lọ ní 1816 láti kọ́ èdè náà.

Ẹni tó bá gbọ́ “èdè Arméníà” lásán, ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́. Àwa náà mọ bí ará Èkìtì, Ìjẹ̀bú àti Ìkálẹ̀ ṣe ń fi Yorùbá ilé ìwé bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́, tí kálukú sì ń padà sí ti ilé rẹ̀ bí ìyá bá pè é lórí fóònù. Ṣùgbọ́n èdè àjùmọ̀lò tiwa, ọ̀kan ni. Tiwọn, méjì ni. Rọ́ṣíà gba Yerevan lọ́wọ́ Páṣíà ní 1828. Apá ìwọ̀-oòrùn ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ottoman. Àwọn ilé ìwé àti ilé ìtẹ̀wé ti Tiflis àti Yerevan mú ọ̀nà kan pọ̀n, àwọn ti Istanbul mú òmíràn, ìyàtọ̀ sì fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ìyàtọ̀ wo? Lẹ́tà mẹ́ta tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn nì. Ìlà-oòrùn ṣì ń pè wọ́n ní mẹ́ta. Ìwọ̀-oòrùn sọ wọ́n di méjì, ó sì yí wọn po: ibi tí ìwé kọ b, p ni wọ́n ń pè, ibi tí ìwé kọ p, b ni wọ́n ń pè, bí ẹni pé ẹnì kan pààrọ̀ àmì ẹnu ilẹ̀kùn yàrá méjì lóru. Petros ti Yerevan ni Bedros ti Beirut. Grigor di Krikor, Hakob di Hagop, Karapet di Garabed. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n fi kọ orúkọ méjèèjì o. Àwọn tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà kọ orúkọ wọn bí ẹnu wọn ṣe ń pè é, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè mọ ibi tí ẹbí kan ti sá wá láti ara orúkọ rẹ̀ nìkan.

Èyí tó lẹ́wu jù wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí ará Ìwọ̀-oòrùn bá fẹ́ sọ pé òun ń kọ nǹkan lọ́wọ́, á fi gə síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe: gə krem. Ará Ìlà-oòrùn á ní grum em. Ṣùgbọ́n Ìlà-oòrùn náà ní k tó ń fi síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, kgrem, ohun tí òun sì ń fi sọ ni pé òun yóò kọ ọ́ tó bá yá. Ẹ wá fojú inú wò ó pé ẹ bèèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ jọ jẹ́ Hay. Òun ń sọ pé ọwọ́ òun ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yin ń gbọ́ pé ó di ìgbà mìíràn. Àárín ọ̀rẹ́ lè ti bàjẹ́ kí wọ́n tó wo ìwé gírámà.

Nínú ilé ìdáná ńkọ́? Ẹyin adìẹ ni dzu ní Yerevan, havgit ni lẹ́nu ará Beirut. Ọ̀dùnkún òyìnbó ni kartofil fún àwọn tí Rọ́ṣíà jọba lé lórí. Àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn ń pè é ní kednakhntsor, ìyẹn ápù inú ilẹ̀. Wọ́n jọ ní ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́: shnorhakalutyun. Ó gùn débi pé àwọn ará Yerevan ti ju ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, “mersi” ti Faransé ni ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu wọn nínú ṣọ́ọ̀bù àti takisí.

Àkọtọ́ náà tún là. Ìjọba Soviet yí i padà ní 1922, wọ́n tún ọwọ́ bọ̀ ọ́ ní 1940. Àwọn tó wà lẹ́yìn odi ní àwọn kò gbà, ti àtijọ́ làwọn ó máa kọ. Àwọn Hay ti Ìránì wá da gbogbo rẹ̀ rú: Ìlà-oòrùn ni ẹnu wọn, àkọtọ́ àtijọ́ ni ọwọ́ wọn. Nítorí náà ẹni tó bá ní òun fẹ́ fa ìlà tó gún láàrin méjèèjì, kó ra ìrésà dání.

Lábẹ́ àwọn èdè àjùmọ̀lò méjì yìí ni àwọn ẹ̀ka-èdè gidi wà. Hrachia Adjarian ló fẹsẹ̀ wọn múlẹ̀ nínú ìwé. Ọmọ Istanbul ni, wọ́n bí i ní 1876, Yerevan ló kú sí ní 1953. Ayé rẹ̀ fúnra rẹ̀ kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ní 1909 ó gbé ìwé jáde ní Paris, ó pín àwọn ẹ̀ka-èdè náà, tó lé ní 30, sí ìsọ̀rí mẹ́ta ní ìbámu pẹ̀lú bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sọ “mò ń ṣe é.” Nínú ìwé atúmọ̀-èdè ńlá rẹ̀ lórí gbòǹgbò ọ̀rọ̀, tí wọ́n tẹ̀ láàrin 1926 sí 1935, kì í tẹ́ ẹ lọ́rùn láti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀, ó tún ń kọ bí ará Van ṣe ń pè é, bí ará Mush ṣe ń pè é, bí ará Karabakh ṣe ń pè é. Nígbà tó fi ń tẹ ìwé náà, púpọ̀ nínú àwọn ìlú tó ń dárúkọ kò ní Hay kankan nínú mọ́.

Ìlú tó wù mí jù nínú wọn ni Gyumri. Arméníà gan-an ló wà, ṣùgbọ́n ọmọ Karin, ìyẹn Erzurum, ni àwọn baba ńlá púpọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀. Lẹ́yìn ogun 1828 sí 1829 ni wọ́n kọjá wá. Nítorí náà gírámà Ìwọ̀-oòrùn ń gbé láàrin Ìlà-oòrùn láìsí ìwé ìrìnnà. Àwọn ará ibẹ̀ ló tún ni àwàdà. Orílẹ̀-èdè náà mọ̀ wọ́n mọ́ ọn.

Ní òdìkejì, àwọn Mùsùlùmí Hemshin wà létí Òkun Dúdú ní Tọ́kì, tí púpọ̀ nínú wọn kò ka ara wọn sí Hay, síbẹ̀ Homshetsma tí wọ́n ń sọ, ẹ̀ka-èdè Arméníà ni. Ẹnu wà, lẹ́tà Mashtots kò sí. Ní Istanbul, òdìkejì pátápátá ló ṣẹlẹ̀: Hay wà tí Tọ́kì jẹ́ èdè ilé wọn, tí wọ́n sì ń fi lẹ́tà Mashtots kọ ọ́, bí àwọn alfa wa ṣe ń fi ánjẹ̀mí kọ Yorùbá. Vartan Paṣa tẹ ìtàn àròsọ kan, Akabi, lọ́nà yìí ní 1851; àwọn ọ̀mọ̀wé kan sì kà á sí ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Tọ́kì.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi há sórí: tsavt tanem. “Jẹ́ kí n gbé ìrora rẹ lọ.” Ìyá á sọ ọ́ fún ọmọ, ọlọ́jà á sọ ọ́ fún oníbàárà tí kò mọ̀ rí. Kò dìgbà tí nǹkan bá dunni. “Pẹ̀lẹ́” tí à ń sọ fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe àwa la gbé òkúta síbẹ̀, ló sún mọ́ ọn jù.

Ní ọjọ́ 24 oṣù April 1915, ìjọba Ottoman kó àwọn ọ̀mọ̀wé, akéwì àti oníwèé ìròyìn Hay tó lé ní igba ní Istanbul. Wọ́n pa àwọn akéwì Daniel Varoujan àti Siamanto lọ́dún yẹn. Komitas, àlùfáà tó ti rin abúlé dé abúlé tó ń kọ orin àgbẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, padà wá láàyè, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ kò bá a padà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ lẹ́bàá Paris ló kú sí ní 1935. Wọ́n lé àwọn ará abúlé lọ sínú aṣálẹ̀ Síríà. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú díwọ̀n àwọn tó kú sí láàrin 600,000 sí mílíọ̀nù kan àbọ̀. Ìjọba Tọ́kì kò tíì gbà títí dòní pé ìpakúpa ìran ni.

Ní ọdún yẹn ni ìtàn ìwé Mush ṣẹlẹ̀. Ìwé ìwàásù ni, wọ́n fi ọwọ́ kọ ọ́ sára awọ ọmọ màlúù láàrin 1200 sí 1202, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó nǹkan bí kìlógíráàmù 28. Ẹ wò ó bí ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì. Nígbà kan tí wọ́n jí i gbé, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Mush dá owó jọ lọ́wọ́ ará ìlú láti rà á padà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ní 1915, obìnrin méjì tó ń sá àsálà bá a nínú ilé ìsìn tó ti di ahoro. Ẹnì kan kò lè gbé e. Wọ́n là á sí méjì, kálukú pọn ìdajì. Ọ̀kan gbé tirẹ̀ dé Etchmiadzin, ibùjókòó ìjọ. Èkejì kò lè rìn dé ibẹ̀. Ó ri tirẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Erzurum, ọ̀gágun kan nínú ọmọ ogun Rọ́ṣíà ló wá hú u jáde. A kò mọ orúkọ àwọn obìnrin náà.

Ìwé ṣeé là sí méjì, ó sì ṣeé rán padà. Èdè kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ òrukàn tó dé Aleppo àti Beirut, ohùn abúlé kálukú ló wà lẹ́nu wọn. Àwọn mìíràn kò gbọ́ ju Tọ́kì lọ. Àwọn olùkọ́ kó wọn jọ, wọ́n kọ́ wọn ní èdè àjùmọ̀lò ti Istanbul, kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn yé. Mi ò lè bá àwọn olùkọ́ náà wí. Ìran tó fẹ́ parun ni wọ́n gbà sílẹ̀. Síbẹ̀ inú kíláàsì yẹn kan náà ni ohùn Kharpert, ohùn Sivas àti ohùn ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú, lábẹ́ ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn wọn. Ní 2010, èdè àjùmọ̀lò ọ̀hún fúnra rẹ̀ wọ àtòjọ UNESCO gẹ́gẹ́ bí èdè tó wà nínú ewu.

Àwọn kan gbé ohùn wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Àwọn ará Musa Dagh kọ̀ láti jáde ní 1915, wọ́n gun òkè, wọ́n jà, títí tí ọkọ̀ ogun Faransé fi kó àwọn tó lé ní 4,000 lọ sí Port Said ní Íjíbítì. Wọ́n padà sílé lẹ́yìn ogun. Ní 1939, nígbà tí wọ́n fa agbègbè náà lé Tọ́kì lọ́wọ́, púpọ̀ nínú wọn kó lọ sí Anjar ní Lẹ́bánónì. Ní abúlé kan, Vakıflı, àwọn kan ní àwọn kò lọ ibì kankan, abúlé náà sì wà níbẹ̀ dòní. Àwọn ará Anjar pín ìlú tuntun náà sí àdúgbò mẹ́fà, wọ́n fi orúkọ àwọn abúlé wọn àtijọ́ sọ wọ́n. Nítorí pé aládùúgbò ń bá aládùúgbò gbé bí ti àtijọ́, ẹ̀ka-èdè wọn, Kistinik, rí ibi fara pamọ́ sí. Fáwẹ̀lì rẹ̀ ti lọ́ débi pé Hay láti Yerevan lè jókòó tì wọ́n kó má gbọ́ nǹkan kan. Lóṣù September, nígbà ìrántí ogun orí òkè nì, wọ́n á gbé ìkòkò ńláńlá kaná, wọ́n á da àlìkámà àti ẹran sínú rẹ̀, wọ́n á máa ro ó mọ́jú.

Ní ọjọ́ 29 oṣù May 2019, Arsenal bá Chelsea gbá àṣekágbá Europa League ní Baku, olú ìlú Azerbaijan. Mkhitaryan kò lọ. Ìdílé rẹ̀ àti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà ń bẹ̀rù ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí i níbẹ̀, nítorí ìjà láàrin Arméníà àti Azerbaijan lórí òkè Karabakh. Arsenal gba mẹ́rin wọlé, wọ́n dá ẹyọ kan padà; nílé ìwòran, ọ̀pọ̀ wa kò mọ ohun tí òkè kan tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ní í ṣe pẹ̀lú ẹni tó máa wọ bẹ́ǹṣì.

Àwọn Hay tó ń gbé òkè náà tẹ́lẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè tiwọn, ó sì jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Yerevan fi ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Nínú ogun àwọn ọdún 1990, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ará Azerbaijan ni wọ́n lé kúrò nílé wọn lágbègbè ibẹ̀. Èyí náà kò gbọdọ̀ sọnù nínú ìtàn. Ní September 2023, ó kan àwọn Hay. Láàrin bí ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó lé ní 100,000 gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo jáde lọ sí Arméníà. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi oríṣiríṣi ewé kún nínú, jingalov hats, ti wà lọ́jà Yerevan kí wọ́n tó dé. Ó ti wá pọ̀ sí i. Oúnjẹ rọrùn láti gbé. Àwọn ọmọ wọn ń wọ kíláàsì báyìí ní ìlú tí aládùúgbò wọn kì í ti í ṣe aládùúgbò wọn àtijọ́, Anjar mìíràn kò sì sí.

Ìdajì ìwé Mush méjèèjì ti padà pàdé ní Matenadaran, ilé ìwé àfọwọ́kọ ní Yerevan, níbi tí nǹkan bí 17,000 irú rẹ̀ wà. Mush wà ní Tọ́kì. Láwọn abúlé kan lágbègbè Talin àti Martuni, àtọmọdọ́mọ àwọn tó ṣí wá láti ibẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ará Mush tí ìyá àgbà bá wà nítòsí. Ní Matenadaran, wọ́n fi ìwé kékeré kan ti ọdún 1434, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ńlá náà kí àlejò lè fojú wọ̀n wọ́n. Gíráàmù 19 ni gbogbo rẹ̀. Èèyàn lè ki í bọ etí ìró kó sì máa sáré lọ.